Ìbéèrè Tí Ẹ Bi Mí Nípa Ẹní

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú omi, ẹ kú èéfín ẹja, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì ló wà lábẹ́ orúnkún mi, tí kì í ṣe pákó ilé wa tó máa ń mì bí omi bá kún lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bá mi kí Délé àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí inú ń bí sí mi. Mo kúnlẹ̀ fún wọn lọ́tọ̀. Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìwọ ni wàá ka lẹ́tà yìí sí ìyá àgbà rẹ létí. Jọ̀ọ́, rọra kà á, má sì fo ibì kankan, kódà ibi tí ojú bá ti ń tì ọ́.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò kúkú fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù Délé. Nígbà tí àwòrán mi dé Ugbónlá ìlú wa, kò dúró síbẹ̀. Ó dé Ayétòrò, ó dé Etíkàn, wọ́n ní ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tó ń ta ẹja ní Ìgbókòdá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohun tí gbogbo ayé ti wò, ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ tẹnu ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi mí, èsì rẹ̀ ni mo fẹ́ fún yín, àmọ́ ẹ mọ̀ mí: mi ò lè dáhùn ìbéèrè ẹnìkan láì kọ́kọ́ bi í ní mẹ́wàá tèmi. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Ìyá Ìbéèrè.

Òtútù ilẹ̀ òyìnbó níbí kì í ṣe ti ọyẹ́ o. Ti ọyẹ́ ń gbẹ ètè ni, tibí ń wọ inú egungun, á tún jókòó síbẹ̀. Òkun wà níbí náà, mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, àmọ́ òkun tí kì í kí èèyàn ni. Kò sí ẹni tó ń ju àwọ̀n sínú rẹ̀, kò sí ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ létí rẹ̀, òórùn ẹja yíyan kò sí níbẹ̀. Wọ́n kó òkúta ńláńlá sí etí rẹ̀ kó má baà jẹ ilẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ni mo máa ń bi ara mi pé ta ló sọ fún àwọn yìí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe, tí kò wá sọ fún àwa.

Iṣẹ́ mi, bí ẹ ṣe mọ̀, ni kí n máa tọ́jú àwọn arúgbó. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń bá wọn jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò sí arúgbó tí mo lè fọwọ́ kàn láì bi í. Mo fẹ́ gbé apá rẹ̀ sókè, mo ní láti béèrè. Mo fẹ́ tú bọ́tìnì rẹ̀, mo ní láti béèrè. Èyí tí kò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ní kí n bi í, kí n wá wo ojú rẹ̀ fún èsì. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń pa mí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fa apá mi sókè bí ẹni ń fa àwọ̀n, tí ẹ ó fi kànrìnkàn ha mí lábíyá, tí mò ń ké tantan. Ta ló bi mí? Àmọ́ bí mo ṣe ń béèrè lójoojúmọ́, ó mọ́ mi lára, ó sì di pé bí ẹnìkan bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn mí nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń wò ó pé kí ló dé tí kò bi mí.

Nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń wá wò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ìsọbẹ́lì ni orúkọ ọmọ yìí, ayàwòrán ni. Á jókòó sí igun yàrá, á máa wò mí bí mo ṣe ń bi ìyá rẹ̀ léèrè kí n tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú omi. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó bi mí bóyá mo lè jókòó kí òun yà mí, láì wọ aṣọ. Ó ní bí mi ò bá fẹ́, kò ba nǹkan kan jẹ́ láàárín wa. Mo ní rárá lójú ẹsẹ̀. Ó ní kò burú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òjò. Màmá mi, ìyẹn gan-an ló kó ìrònú bá mi. Mo ti sọ rárá fún èèyàn púpọ̀ láyé mi, mi ò rántí ẹni tó gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ tó sì yí ọ̀rọ̀ sí òjò.

Òfíntótó mi ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wòran níbi tí wọ́n ti ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Yàrá ńlá kan ni, òórùn ọ̀dà gba ibẹ̀ kan. Àwọn tó ń yàwòrán dúró yíká, ọkùnrin àti obìnrin. Bàbá kan tó yọkùn ló jókòó sáàárín wọn níhòòhò bí wọ́n ṣe bí i, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Mo fọwọ́ bojú, mò ń yọjú láàárín ìka. Nígbà tó yá, bàbá náà gbé ọwọ́ sókè pé ó rẹ òun, gbogbo ọwọ́ tó ń yàwòrán sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, ó lọ bu tíì mu. Kò sí ẹni tó fa ìlà kan títí ó fi padà. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tó jókòó, bó bá sì ti wọṣọ, ó parí nìyẹn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń rò ó pé mo ti mọ òfin yìí rí. Níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n? Mo ti dé ilé, mo ti bọ́ bàtà kí n tó rántí pé ara ẹní yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ ilé wa. Màmá mi ń hun ẹní òré, koríko inú àbàtà, bí ọ̀pọ̀ obìnrin Ìlàjẹ ṣe ń hun ún. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, yàtọ̀ sí ẹní títà, obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ẹní tirẹ̀, tí ìyá rẹ̀ hun fún un nígbà tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é nílé ẹlòmíràn. Ẹní náà ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Ojú ni ibi tó jọ̀lọ̀, tí ọnà wà. Ẹ̀yìn ni ibi tí wọ́n ti pa gbogbo ẹnu òré mọ́, ó sì máa ń gúnni. Obìnrin tó ni ẹní nìkan ló lè tẹ́ ẹ, òun nìkan ló sì lè ká a. Bó bá wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tú u, ìyá ọkọ kò gbọdọ̀ tú u.

Mo ṣì rántí ìgbà tí ẹ bí Délé, tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín lọ. Ara yín yá, àmọ́ ẹní yín kò kúrò lára ògiri. Bàbá mi ti òkun dé, wọ́n wo ẹní, wọ́n wo ojú yín, wọ́n lọ sùn sórí àwọ̀n. Bàbá Kékeré wá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ìlú pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbé àwọ̀n níyàwó. Bàbá mi dá wọn lóhùn pé ó kéré tán, àwọ̀n kì í béèrè owó ọbẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dúró sórí àwọ̀n wọn. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun tó sọ Délé di àbíkẹ́yìn nìyẹn, pé ẹ̀yin lẹ sọ pé ó tó. Ṣé ẹ̀rù ò bà yín nígbà náà? Kí ni ẹ̀ bá ṣe ká ní bàbá mi kọ̀, tí wọ́n tú ẹní náà?

Mo mú ẹní tèmi wá síbí, aláwọ̀ pupa àti dúdú tí ẹ hun fún mi. Nígbà tí mo dé, àwọn aṣọ́bodè tú u ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Inú bí mi ju bí wọ́n ṣe tú aṣọ inú àpótí mi lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì bá yín sọ rí. Ẹ rántí ọjọ́ tí mò ń rọbí Tèmítọ́pẹ́, tí ọmọ dábùú, tí ẹ fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì gbé mi gba orí omi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Bàbá Tèmítọ́pẹ́ àti Bàbá Kékeré bọ́ síta, wọ́n ń jiyàn lẹ́nu ọ̀nà bóyá kí wọ́n là mí tàbí kí wọ́n má là mí. Ojú mi là sílẹ̀, etí mi ń gbọ́ wọn ketekete. Ẹ̀yin nìkan lẹ bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti bi ẹni tó ni ikùn. Bàbá Kékeré ní kí ẹ jókòó. Nígbà tí ẹnu wọn kò, wọ́n là mí, ọmọ yè, èmi náà yè, a dúpẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ká ní wọ́n bi mí, bẹ́ẹ̀ ni ni ǹ bá sọ. Àmọ́ wọn ò bi mí. Àpá náà wà nísàlẹ̀ ìdodo mi títí dòní, bí mo bá ń wẹ̀ mo máa ń wò ó bí ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ sí mi lára láì kà á fún mi.

Ó pẹ́ kí n tó padà tọ Ìsọbẹ́lì lọ pé mo gbà. Mo ní òun nìkan ló máa yà mí, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Mo ní orí ẹní mi ni mo máa jókòó sí, èmi ni mo máa tẹ́ ẹ, èmi ni mo máa ká a. Ó gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ṣọ tí mo jókòó, ó rí àpá náà, ó bi mí bóyá kí òun yà á tàbí kí òun fò ó. Mo ní kó yà á. Ó tún wá bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kó rí. Màmá mi, èèyàn kan láyé yìí bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kí àpá mi rí! Omi bọ́ lójú mi. Mo purọ́ fún un pé òtútù ni.

Òtútù wà níbẹ̀ lóòótọ́ o. Ẹ̀rọ amúlégbóná kan ló wà nínú yàrá náà, ẹ̀yìn mi nìkan ló ń gbóná, ẹsẹ̀ mi ń kú lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ó parí àwòrán náà, ó gbé e lọ síbi ìpàtẹ kan, èmi náà lọ wò ó. Ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Mo dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó pàdé ẹnìkan tó jọ èèyàn rẹ̀. Mo rí ìyá àgbà, ìyá yín, ní èjìká mi. Mo rí yín ní ẹsẹ̀ mi, níbi àtàǹpàkò tó yà sọ́tọ̀ bíi ti ẹni tó ń tukọ̀. Àpá náà wà níbẹ̀, ó ń tàn díẹ̀ bí omi ṣe ń tàn ní ìrọ̀lẹ́. Mo rẹwà, Màmá mi. Mo sọ ọ́ báyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú. Obìnrin ará ibí kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ́ títí, kò mọ̀ pé èmi ni, ó wá ń fọwọ́ ra ikùn tirẹ̀ lórí aṣọ. Kí lẹ rò pé ó ń rò? Ó wù mí kí n bi í, àmọ́ ojú tì mí.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan tó wà níbẹ̀ ló ya fọ́tò àwòrán náà tó fi ránṣẹ́ sílé. Ohun tó tẹ̀lé e, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Bàbá Kékeré pè mí, wọ́n ní mo ti rìn ní ìhòòhò ní ọjà ayé, mo ti ba orúkọ bàbá mi jẹ́ nínú sàréè. Wọ́n bi mí pé èló ni wọ́n san fún mi. Mo ní wọ́n sanwó fún mi bí wọ́n ṣe ń sanwó iṣẹ́, ìyẹn gan-an ló wá bí wọn nínú jù. Wọ́n ní bí mi ò bá ní kí wọ́n gbé àwòrán náà kúrò, kí n má wá síbi ìrántí bàbá mi. Wọ́n ní ẹní yìí ló kọ́ àwọn obìnrin ilé wa ní agídí, pé kí ẹ má hun ọ̀kan fún Tèmítọ́pẹ́, tí oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Ìsọbẹ́lì. Ó ní ọwọ́ mi ló wà: wọ́n fẹ́ gbé ìpàtẹ náà lọ sí ìlú mìíràn, àmọ́ bí mo bá ní rárá, àwòrán yẹn kò ní bá wọn lọ.

Nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹ̀yin gba fóònù. Mo rò pé èébú ló kàn. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ bi mí ni pé ṣé ojú ẹní ló wà lókè ni, àbí ẹ̀yìn. N kò tíì lanu tí Bàbá Kékeré fi gba fóònù padà, tí wọ́n pa á.

Ẹ má bínú, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní gbogbo ayé ń wo ìdí mi, ìyá mi ń wo ẹní! Mo rò pé ojú ń tì yín pé àwọn òyìnbó rí ibi tí ẹ ti pa ẹnu òré mọ́ tí kò gún régé. Mò ń fi ṣe àwàdà fún Ìsọbẹ́lì nígbà tí ìtàn ìyá àgbà dédé sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín bá kú mọ́ mi lẹ́nu.

Inú àbàtà lẹ ti sọ ìtàn náà fún mi, níbi tí a ti ń gé òré, tí ẹ̀fọn ń jẹ mí tí mi ò fẹ́ gbọ́. Ẹ ní nígbà tí ìyá àgbà, ìyá yín, wà ní ọmọge, bàbá wọn fi wọ́n fún ọkùnrin ọlọ́kọ̀ kan lápá Etíkàn. Kò sí ẹni tó bi ìyá àgbà. Ìyá àgbà kò sunkún, wọn ò sì sá. Wọ́n ru ẹní wọn dé ilé ọkọ, nígbà tó kan kí wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wọ́n jókòó lé ibi tó ń gúnni. Ìyá ọkọ ló wọlé tó rí i. Obìnrin ni, ó mọ ohun tó rí: ara ọmọ yìí wà níbí, ọkàn rẹ̀ kò sí níbí. Òun ló sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó dá ọmọ ọlọ́mọ padà. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì tukọ̀ gbé ìyá àgbà padà sílé. Láti ìgbà náà, nínú ilé wa, bí obìnrin bá yí ẹ̀yìn ẹní sókè, ó ń sọ pé wọ́n fi ipá mú òun ni.

Ìgbà yẹn ni mo tó padà lọ wo fọ́tò náà dáadáa, mo sì rí ohun tí ẹ rí. Níbi ẹsẹ̀ mi, igun ẹní yí padà, ẹ̀yìn rẹ̀ hàn gbangba pẹ̀lú gbogbo ẹnu òré. Àwọn tó kù rí ìhòòhò. Ẹ̀yin rí ọmọ yín nílẹ̀ àjèjì, ẹ sì rò pé ó ń fi igun ẹní ké sí yín pé wọ́n fi ipá mú òun. Àánú yín ṣe mí, mo sunkún. Oorun wo lẹ ti ń sùn láti ọjọ́ yẹn?

Màmá mi, ojú ẹní ló wà lókè. Òtútù ló yí igun yẹn padà. Ẹsẹ̀ mi ló ń kú lọ, mo fi igun ẹní bò ó bí a ṣe máa ń ṣe lọ́mọdé bí òjò bá ń fẹ́ wọlé, Ìsọbẹ́lì kàn ya ohun tó rí. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Kò sí ẹni tó tàn mí. Mo sọ rárá, wọ́n gbọ́. Mo padà sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dá mi lójú. Mo ti sọ fún Ìsọbẹ́lì pé kó jẹ́ kí àwòrán náà bá wọn lọ.

Bàbá Kékeré, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Ẹ̀yin lẹ fi wá sílé ìwé nígbà tí bàbá wa kú, mi ò jẹ́ gbàgbé. Mo máa wá síbi ìrántí bàbá mi, màá kúnlẹ̀ kí yín, bí ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ̀yìn yín náà ni màá kí. Inú yín ni ìbínú yín wà, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí i. Ara mi náà ni èyí. Ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ fi ń dẹ́rù bà mí yẹn, orí àwọ̀n ni wọ́n sùn nítorí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹní kan tó wà lára ògiri. Orúkọ wo nínú ti bàbá mi ni mo wá bà jẹ́?

Màmá mi, ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ hun ẹní Tèmítọ́pẹ́. Mi ò ní sọ irú àwọ̀ tí ẹ máa fi hun ún. Èmi fẹ́ràn àwọ̀ ewé, mo mọ̀ pé ẹ̀yin á fẹ́ pupa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó rẹ òré sínú aró, ẹ bi í. Tèmítọ́pẹ́, má sọ pé èyí tó bá ti wu ìyá àgbà rẹ. Wo òré náà, ronú sí i, kí o wá dáhùn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi wọ ilé wa. Kí ẹja máa wọ àwọ̀n Délé. Kí ojú yín ríran títí tí ẹ ó fi hun ẹní fún ọmọ Tèmítọ́pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ mi àti àwọn tí kò dá sí i. Ẹ sùn dáadáa lálẹ́ òní, Màmá mi. Ara mi wà níbí, ọkàn mi náà sì wà níbí pẹ̀lú rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, tó tẹ́ ẹní rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ká a fúnra rẹ̀,

Ọmọ́wùmí